Ojúlé Tiwa Là Ń Bèèrè, Kì í Ṣe Aṣọ Ìbòjú

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa n'Íbàdàn. Àbúrò mi fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan lókè òkun, irú èyí tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìkúrò nílé. Ó ti kọ gbogbo ohun tí wọ́n ní kó kọ, ó ti ya fọ́tò ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, ó wá ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó tẹ bọ́tìnnì tó gbẹ̀yìn, ìkànnì náà kọ̀ jálẹ̀. Ohun tó kọ sójú fóònù kò ju gbólóhùn méjì lọ: pé ìwà tí kò dáa ti pọ̀ jù láti IP yìí, pé kó padà wá nígbà mìíràn.

Àbúrò mi wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìwà wo? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ lónìí?"

Mi ò ní èsì fún un. Ó bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, èsì ti ń wọlé wìtìwìtì, ohun kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ. "Pààrọ̀ IP ẹ jàre." "Pa ráútà yẹn, kó o tún un tàn." "Wa VPN ọ̀fẹ́ kan sórí fóònù ẹ, ó parí." Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń ránni lọ ra búrẹ́dì.

Gbólóhùn yẹn, "pààrọ̀ IP ẹ," ni mo fẹ́ bá jà lónìí. Mi ò sọ pé kò ṣeé ṣe o. Ó ṣeé ṣe, ó sì ní ìgbà tó wúlò. Ìjà mi ni pé a ti sọ ọ́ di oògùn gbogbo àìsàn, kò sì jẹ́ ká bèèrè ibi tí àìsàn náà ti wá. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwa ti ń bẹ́ orí ara wa láti ọjọ́ yìí wá, à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yá wa ní àdá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Tó o bá dé àwọn àdúgbò àtijọ́ n'Íbàdàn, wàá rí lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ògiri ilé, bíi N5 tàbí SW8, kí nọ́ńbà ilé fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà ojúlé nìyẹn. Ẹni tó ń pín lẹ́tà kò mọ orúkọ bàbá rẹ, kò sì mọ ohun tó ò ń jẹ. Ojúlé ló mọ̀. IP kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí fóònù rẹ bá ní kí ìkànnì kan fi fídíò ránṣẹ́, ìkànnì náà gbọ́dọ̀ mọ ojúlé tí yóò fi ránṣẹ́ sí.

Ṣùgbọ́n ojúlé tó wà nínú ilé yàtọ̀ sí ojúlé tó wà níta. Nínú ilé, ráútà rẹ ló ń fún fóònù, kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n ní nọ́ńbà, èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti ya irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún inú ilé àti inú ọ́fíìsì. Àìmọye ilé káàkiri ayé ló ń lo 192.168.1.1 lásìkò yìí gan-an, kò sì sí ìjà láàárín wọn, torí nọ́ńbà yẹn kì í jáde síta. Ọ̀pọ̀ fídíò tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń pààrọ̀ IP, èyí ni wọ́n ń pààrọ̀. Wọ́n á wọ inú sẹ́tíǹsì fóònù, wọ́n á yí 192.168.1.5 sí 192.168.1.20, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́. Ó dà bí ìgbà tó o gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ láti yàrá kan lọ sí òmíràn. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ò tiẹ̀ mọ̀ pé o dìde.

Ojúlé ti ìta ni ìkànnì ń rí, ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ ló sì ń yá ọ. Mo ní yá, mi ò ní fún. Fún ọ̀pọ̀ ilé, ilé-iṣẹ́ náà máa ń yá wọn ní nọ́ńbà kan fún àkókò kan. Tí àkókò bá pé, wọ́n lè tún un yá wọn tàbí kí wọ́n fún wọn ní òmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kó o pa ráútà fún ìgbà díẹ̀ kó o sì tún un tàn: bóyá wọ́n á ti gbé nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ìwọ bá tuntun pàdé. Níbòmíràn ó máa ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Níbòmíràn o lè pa á mọ́jú, kí nọ́ńbà kan náà máa dúró dè ọ́ láàárọ̀. Tó bá jẹ́ pé pípa ráútà ló ń tún ayé ẹni ṣe ni, ọ̀rọ̀ tiwa ì bá ti dáa tipẹ́. Ṣebí NEPA ń bá wa pa á lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, wọn ò sì gbowó iṣẹ́.

A gbìyànjú ẹ̀ náà. A pa ráútà, a ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a tún un tàn. Mo wọ ojú ìwé ráútà lọ wo nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fún un. Ó ti yí padà lóòótọ́: 100.71 ló fi bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti di 100.90. Inú àbúrò mi dùn. Ó padà síbi fọ́ọ̀mù, ó tẹ bọ́tìnnì. Gbólóhùn méjì yẹn náà ló tún jáde.

Mo wá lọ sórí ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì tó ń sọ nọ́ńbà tí ìta ń rí fúnni. Nọ́ńbà ibẹ̀ kò fi 100 bẹ̀rẹ̀ rárá, kò sì tíì yí padà láti àárọ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ráútà wa kò ní ojúlé níta. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 títí dé 100.127 jẹ́ ọ̀wọ́ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dún 2012 fún àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè fi kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n ń pè ní CGNAT. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà wà níbẹ̀, ṣe ohun tí mo ṣe: wo nọ́ńbà tó wà lórí ráútà, fi wé èyí tí ìta ń rí. Tí wọn ò bá bára mu, tàbí tí ti ráútà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí ọ̀wọ́ 100 tí mo kà yẹn, o ti mọ ibi tó ò ń gbé.

Ibi tó ò ń gbé ni ilé face-me-I-face-you. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Yàrá pọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ilé ìwẹ̀ kan, géètì kan, nọ́ńbà ojúlé kan níwájú. Lẹ́yìn nọ́ńbà IP kan, ilé-iṣẹ́ ní ihò 65,536 tó lè máa pín láàárín àwọn ayálégbé, fún lílọ àti bíbọ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Tó bá fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní 1,000, ó ti kó yàrá tó lé ní ọgọ́ta sílé kan. Tó bá há owó, tó fún kálukú ní ìwọ̀nba, á kó ọgọ́rùn-ún mélòó kan síbẹ̀. Tí àbúrò mi bá pa ráútà tó tún un tàn, yàrá ló pààrọ̀. Géètì ò yí padà.

Nínú ilé bẹ́ẹ̀, tí ọmọ yàhúù kan bá wà ní yàrá kẹrìndínlógún, tó ń fi òru gbogbo kan ilẹ̀kùn ìkànnì yẹn pẹ̀lú orúkọ ogójì tó hùmọ̀, kí ni ìkànnì máa rí? Nọ́ńbà ojúlé. Kò rí yàrá. Á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ilé: ìyá tó ń tajà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, olùkọ́ àgbà tó fẹ́ ka ìwé ìròyìn. Bí ìka kan bá tọ́ epo, á ran àwọn tó kù. Àwa ni ìka tó kù yẹn, wọn ò sì bi wá léèrè kí wọ́n tó gé wa.

Àwa nìkan kọ́ ni irú ẹ̀ ń ṣe. Lọ́dún 2022, àwọn ará Áfíríkà tó ń bá wọn kọ Wikipedia pariwo síta pé wọ́n ń dènà àwọn láìṣẹ̀, torí IP tí àwọn ń lò jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò. Ẹ rò ó wò. Ènìyàn jókòó lálẹ́, ó fẹ́ fi àlàyé nípa ìlú rẹ̀ sórí Wikipedia lédè Yorùbá, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní sanwó rẹ̀ fún un, wọ́n ní kó padà, ojúlé rẹ̀ kò dáa. Tó bá sì ní òun á gba ọ̀nà VPN, Wikipedia kì í sábà jẹ́ kí ẹni tó ń lo VPN ṣàtúnṣe sí ojú ìwé. Wọ́n ti iwájú, wọ́n ti ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn náà la wá ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ò kọ èdè wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn àbúrò mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí ráútà ti já a kulẹ̀, ó wa VPN ọ̀fẹ́ kan. Mo rí i, mi ò dá a dúró. Èmi náà rò pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà ṣí. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó gbà. A pàtẹ́wọ́. Nígbà tó máa fi di wákàtí kan, lẹ́tà wọlé pé wọ́n ti ti àkáǹtì rẹ̀ pa: ó ní Nàìjíríà lòun ń gbé, ó ní ìwé-ẹ̀rí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n Netherlands ló ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Lójú tiwọn, ó ń purọ́. Ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo mú un lọ sí ọ́fíìsì ọ̀rẹ́ mi kan, ibi tí wọ́n ti ń sanwó fún IP tiwọn. Fóònù kan náà ni, ọmọ kan náà ni. Ojú ìwé náà ṣí wẹ́rẹ́, kò bèèrè ohunkóhun. Àkáǹtì nìkan ni kò ṣí mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá, èsì ẹ̀bẹ̀ ò dé.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ rèé: ká ní a ti lọ sí ọ́fíìsì yẹn kí a tó gbọ́ràn sí WhatsApp lẹ́nu, ó ti parí. Oògùn ló pa aláìsàn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní, "Ṣebí VPN ló gbà wá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ti Twitter pa?" Òótọ́ ni. Láti oṣù Òkúdù 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹẹrẹ 2022, ìjọba Nàìjíríà dènà Twitter, ọ̀pọ̀ nínú wa sì fi VPN fo ògiri. Mi ò ní bú ohun tó gbé wa kọjá odò. Ẹni tó wà lábẹ́ ìjọba tó ń pa ẹnu mọ́ni lẹ́nu nílò rẹ̀, akọ̀ròyìn nílò rẹ̀, ẹni tó ń lo WiFi ọ̀fẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú náà nílò rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe géèmù tí ọ̀tá ń fi ìkún-omi ọ̀rọ̀ bo ráútà rẹ̀, kó pààrọ̀ IP rẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìyẹn, ènìyàn mọ ẹni tó ń sá fún. Àbúrò mi ò sá fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ òun ni.

Ẹ̀wẹ̀, VPN ọ̀fẹ́ wo? Ta ló ń san owó iná ẹ̀rọ wọn? Lọ́dún 2015, ó hàn sí gbogbo ayé pé Hola, VPN ọ̀fẹ́ tí mílíọ̀nù ènìyàn ń lò, ń ta íntánẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń lò ó fún àwọn oníbàárà mìíràn. Ìyẹn ni pé nígbà tó ò ń yá ojúlé ẹlòmíràn, ẹlòmíràn ń yá tìrẹ. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ jáde ní oṣù Èbìbí 2024: ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti tú ẹgbẹ́ ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní 911 S5 ká. IP tó wà nínú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 19 lọ, láti orílẹ̀-èdè tó sún mọ́ 200. Báwo ni wọ́n ṣe rí wọn kó jọ? Lára ọ̀nà wọn ni VPN ọ̀fẹ́, bíi MaskVPN àti DewVPN. O wa VPN sórí kọ̀ǹpútà rẹ kó o lè bo ojúlé rẹ, àwọn olè sì ń gba inú ilé rẹ jáde lọ jalè. Tí wọ́n bá tọ ipasẹ̀ olè, ẹnu ọ̀nà tìrẹ ni wọ́n á dé.

Ibí yìí ni ìjà mi ti kan àwọn tó ń ti ilẹ̀kùn náà. Wọ́n ń sọ pé torí oníjìbìtì ni àwọn ṣe ń wo IP. Ta ló ní àyè àti pààrọ̀ IP jùlọ láyé yìí? Oníjìbìtì ni! Òun ló ní owó láti yá ojúlé ní Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀, kó yá òmíràn ní Texas lọ́sàn-án. Irú ọjà tí 911 S5 ń tà nìyẹn: ojúlé ilé aláìṣẹ̀, tó mọ́ tónítóní, tí ìkànnì ò ní fura sí. Àwọ̀n tí wọ́n ta náà ń jẹ́ kí ẹja ńlá kọjá, ó sì ń mú ìpẹ́. Ẹni tó bá ṣì wà lẹ́yìn géètì rẹ̀ lóru, tó ń fi orúkọ òbí rẹ̀ gan-an kún fọ́ọ̀mù, òun ni kò mọ ọ̀nà àtisá.

Kí ló wá dé tó jẹ́ pé àwa là ń gbé face-me-I-face-you? Ìtàn rẹ̀ kò ṣòro. Nígbà tí Vint Cerf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dán íntánẹ́ẹ̀tì wò ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1977, wọ́n pinnu iye nọ́ńbà tí ètò náà yóò ní, ìpinnu yẹn ló sì wá di IPv4 tí à ń lò títí dòní: 4,294,967,296. Lójú ẹni tó ń ṣe ìdánwò, ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn tó tètè dé ọjà gba ilẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ṣoṣo, MIT, gba nọ́ńbà 16,777,216. Lọ́dún 2017 ni wọ́n tó ní àwọn ò lo èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì tà nínú rẹ̀. Oṣù Èrèlé 2011 ni àpótí àgbáyé ṣófo, tí wọ́n pín èyí tó gbẹ̀yìn fún ẹkùn márààrún ayé.

Ẹkùn tiwa ni AFRINIC, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Mauritius. Ọdún 2005 ni wọ́n fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí àwọn ẹkùn mìíràn ti jẹun tipẹ́. Díẹ̀ tó tọ́ sí wa gan-an, a ò ṣọ́ ọ dáadáa. Àyẹ̀wò tí AFRINIC fúnra rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2021 fi hàn pé nọ́ńbà tó ju mílíọ̀nù 4 lọ ni wọ́n ti fi ọwọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ kó kúrò níbi tó yẹ kó wà. Lọ́dún yẹn kan náà, AFRINIC àti ilé-iṣẹ́ kan tó forúkọ sílẹ̀ ní Seychelles, tó ti gba nọ́ńbà tó ju mílíọ̀nù 6 lọ, wọ ilé-ẹjọ́. AFRINIC ní wọ́n ń lò ó níta Áfíríkà lòdì sí àdéhùn. Ilé-iṣẹ́ náà ní kò sí òfin tó ní kí àwọn má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ yẹn le débi pé wọ́n di owó AFRINIC mọ́ báńkì. Láàárín gbogbo èyí, láti oṣù Ṣẹẹrẹ 2020, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó bá lọ tọrọ nọ́ńbà lọ́wọ́ AFRINIC kò lè gbà ju 1,024 lọ lẹ́ẹ̀kan. Fi 1,024 wé mílíọ̀nù 16 ti ilé-ẹ̀kọ́ kan. Lẹ́yìn náà kó o wá sọ fún mi pé ráútà ni kí n pa.

Ojúlé tuntun ti wà nílẹ̀ o. IPv6 ni orúkọ rẹ̀, oṣù Ọ̀pẹ 1995 ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé ìlànà rẹ̀ jáde; ó ṣeé ṣe kó ju ìwọ tó ò ń ka èyí lọ lọ́jọ́ orí. Tó o bá kọ iye nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, yóò gba dígíìtì 39. Ilé kan ṣoṣo lè gba iye tó jẹ́ ìlọ́po bílíọ̀nù mẹ́rin gbogbo nọ́ńbà IPv4 ayé, kò sì ní han lára ẹnikẹ́ni. Jio ní Íńdíà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2016, pẹ̀lú IPv6 láti ìbẹ̀rẹ̀, lórílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì. Lónìí, ju ìdajì àwọn ará Íńdíà tó ń lo Google ló ń gba orí IPv6 débẹ̀. Nàìjíríà ṣì wà lẹ́yìn gan-an. Ráútà ilé wa mọ IPv6, mo rí i nínú sẹ́tíǹsì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó wa lóṣooṣù ni kò tíì tan tiwọn.

Wọ́n á ní owó ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń há ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn mọ́ ẹ̀yìn nọ́ńbà kan, ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n rà á? Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá gba orí IPv6 kọjá ń dín ẹrù ẹ̀rọ yẹn kù ni. Àwọn mìíràn á ní tí kálukú bá ní ojúlé tirẹ̀, ayé á rí wa ketekete. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá ń lo IPv6 máa ń yí apá ìkẹyìn nọ́ńbà rẹ̀ padà fúnra rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó. Ẹni tó sì rò pé CGNAT ń bo òun mọ́lẹ̀, kó rántí pé láti oṣù Ọ̀pẹ 2020 ni wọ́n ti ní ká so SIM mọ́ NIN. Ilé-iṣẹ́ tó tà á fún ọ mọ̀ ọ́. Ìkànnì tó o wọlé sí pẹ̀lú orúkọ rẹ mọ̀ ọ́. Tí mo bá ṣẹ̀, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ èmi. Èmi nìkan.

Nítorí náà, kí la fẹ́ ṣe? Yẹ ráútà rẹ wò bí mo ṣe ṣàlàyé, kó o mọ ibi tó ò ń gbé. Kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ, má wulẹ̀ pè wọ́n lórí fóònù. Bi wọ́n ní ìbéèrè méjì péré: ṣé ẹ̀yìn CGNAT lẹ fi mí sí, ìgbà wo lẹ máa tan IPv6? Kí èsì wọn wà lákọsílẹ̀. Tí ẹni mẹ́wàá ládùúgbò bá kọ ọ́ lọ́sẹ̀ kan náà, ẹnì kan níbẹ̀ á ní láti wá èsì. Àwọn èèyàn NCC náà wà l'Ábújá, iṣẹ́ wọn ni láti gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ títí tí yóò fi sú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìkànnì àti áàpù náà, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ sọ́dọ̀ yín, torí mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ nínú àwọn tó ń ka èyí. Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ ilé, ẹ jẹ́ kí IPv6 lè wọlé, torí ojúlé tuntun ò wúlò fún ẹni tí ibi tó ń lọ kò gbà á. Tẹ́ ẹ bá ń ṣọ́ ilé, ẹ wo àkáǹtì, ẹ wo ìwà, kẹ́ ẹ tó wo géètì. Ẹ má fi IP kan ṣoṣo ṣe adájọ́, pàápàá tó bá jẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá. Ẹ̀yin gan-an mọ irú ilé tá à ń gbé.

Tí ọ̀rẹ́ rẹ bá tún wá sí WhatsApp lọ́la, tó ní wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun, má kọ́kọ́ sọ pé kó pààrọ̀ IP. Bi í pé, "Ojúlé tí wọ́n tì yẹn, ṣé tìẹ ni?" Kó lọ wò ó. Tí kì í bá ṣe tirẹ̀, kó ya fọ́tò ohun tó rí, kó fi í ṣọwọ́ sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́, kó sì wá ẹni tó ní ojúlé tirẹ̀ nítòsí bá a parí fọ́ọ̀mù. Àbúrò mi ti ń dúró de ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún tó ń bọ̀ báyìí. Ó ti yọ VPN yẹn kúrò lórí fóònù rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà tirẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n dá a lóhùn pé kó pa ráútà, kó ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tún un tàn.

Ó ti ń kọ ìkejì.